Bí ohun tí mo jó pọ̀ bá já lójú títì, ta ni wọ́n máa mú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, iṣẹ́ ọ́fíìsì. Lọ́dún tó kọjá mo ra ẹ̀rọ jórinjórin kékeré kan, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ti ṣe géètì, mo ti jó abẹ́ mọ́tò mi tó dógùn-ún, mo ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì mi, mo sì gbé bẹ́ǹṣì onírin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe síbẹ̀. Aládùúgbò mi rí i, ó gbé Micra rẹ̀ tó fi ń ṣe takisí wá. Irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú lábẹ́ ló ti sán. Mo bá a jó o. Mi ò gba kọ́bọ̀, mọ́ọ̀tì méjì ló rà fún mi. Ìyàwó mi wá ń sọ pé tó bá já lójú títì, èmi ni ọlọ́pàá máa wá gbé. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò pe ara mi ní wẹ́dà fún ẹnikẹ́ni rí, òun ló sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín kò purọ́. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ni pé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń lọ nìyí. Jàǹbá ṣẹlẹ̀, ẹnìkan kú tàbí ó fara pa, ọlọ́pàá wọ́ ọkọ̀ àti awakọ̀ lọ sí àgọ́. Awakọ̀ ń pariwo pé òun kò sáré, ẹsẹ̀ iwájú ló já mọ́ òun lọ́wọ́. Ọlọ́pàá á ní kí àwọn VIO wá yẹ ọkọ̀ náà wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Irin tí wọ́n jó pọ̀ tó wá já kì í dákẹ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Bí iná kò bá wọnú irin, irin yíyọ́ náà á kàn jókòó lé e lórí bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí páànù, wẹ́rẹ́ ló sì máa ṣí kúrò. Bí apá kan ojú ibi tó já bá ti dógùn-ún, tí apá kejì ń dán, ó ti pẹ́ tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ nìyẹn kó tó já tán. Ìbéèrè tó kù kò ju ẹyọ kan lọ: "Ta ló jó o?" Mi ò tíì rí awakọ̀ inú àtìmọ́lé tó gbàgbé orúkọ ẹni tó tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni òfin lè gbà kan ilẹ̀kùn yín. Ẹni tó fara pa, tàbí ẹbí ẹni tó kú, lè pè yín lẹ́jọ́ kí ẹ san owó gbà-má-bínú. Ìjọba náà lè fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn yín. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Ríra ẹ̀rọ jórinjórin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, títún mọ́tò ẹni ṣe náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀yìn iṣẹ́ náà jáde ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ ní ẹ kò pe ara yín ní wẹ́dà rí. Ẹ jẹ́ kí a jókòó síbí yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ̀yìn tì, ògiri náà kò sì lágbára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1958, ẹjọ́ kan dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ti Wells àti Cooper. Baálé ilé kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ de ohun tí wọ́n fi ń fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó fi síkúrù kéékèèké dè é, gígùn wọn kò tó ínǹṣì kan. Ọkùnrin ẹlẹ́ja kan gbé ẹja wá síbẹ̀. Bó ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an, ó fa ilẹ̀kùn náà kó lè pa dé, ohun tó dì mú ya kúrò, ó bá a lọ sẹ́yìn, ó ṣubú, ó sì fara pa. Ó pe onílé lẹ́jọ́.

Àwọn adájọ́ ní àwọn kò ní fi bí onílé yẹn ṣe gbọ́ iṣẹ́ tó wọn iṣẹ́ rẹ̀. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níwọ̀nba ni ìwọ̀n tí wọ́n lò: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn, báwo ni ì bá ṣe ṣe é? Onílé borí. Iṣẹ́ kékeré inú ilé ni, bó sì ṣe ṣe é náà ni káfíńtà ì bá ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan máa ń ka ìdájọ́ yìí dé ibi tó ti borí, wọ́n á pa ìwé dé. Wọn kì í ka ibi tí adájọ́ ti sọ pé iṣẹ́ kan wà tó gba ìmọ̀ jinlẹ̀, tó sì léwu tó bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá ṣe é dáadáa, débi pé ẹni tó dáwọ́ lé e fúnra rẹ̀ dípò kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ti jẹ̀bi nípa dídáwọ́ lé e nìkan. Ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n ń sọ nígbà náà o. Ẹ wá fi wé ẹsẹ̀ iwájú Micra tó kó èrò, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Mọ́létè.

Kí ẹ má bàa rò pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀: ní ọdún 1971, nínú ẹjọ́ Nettleship àti Weston, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò wà á lọ lu òpó iná, orókún ẹni tó ń kọ́ ọ fọ́. Wọ́n ní ìwọ̀n awakọ̀ tó dáńtọ́ ni wọ́n máa fi wọn òun náà. Àwọn ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kò de àwọn adájọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni a ti jogún òfin àìbìkítà, àwọn kóòtù wa sì ń gbé wọn yẹ̀ wò nígbà gbogbo.

Ti mọ́ọ̀tì wá kù. Owó tí ẹ kò gbà ní ohun tó mú kúrò: aládùúgbò yín kò lè sọ pé ẹ da àdéhùn okòwò. Àmọ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó bá fara pa kò sí nínú àdéhùn yín, kò sì bá mọ́ọ̀tì yín lọ. Láti ìgbà ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson ní 1932 ni wọ́n ti sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún aládùúgbò yín, aládùúgbò náà sì ni ẹnikẹ́ni tí ẹ lè rí i tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín lè pa lára. Ìyá tó jókòó sẹ́yìn takisí náà wà níbẹ̀, ọlọ́kadà tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn wà níbẹ̀, ẹni tó ń sun àgbàdo létí títì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ni Micra lè gbà láti fi ọkọ̀ rẹ̀ dán yín wò. Àwọn yẹn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà á tún kún un: oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye, bí ẹ bá sì kọ ọ́ sára ògiri pé "ẹ kò lẹ́jọ́ lọ́rùn", ìyẹn kò lè bo àìbìkítà ńlá mọ́lẹ̀.

"Òun ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá." Òótọ́ ni, ó sì ń fi òun náà sínú wàhálà, àmọ́ kò yọ yín kúrò. Ẹ gbọ́ ti Stennett àti Hancock, 1939. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan gbé táyà rẹ̀ lọ fún gáréèjì kí wọ́n bá a tún un tò. Wọ́n tò ó, wọn kò tò ó dáadáa. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ, òrùka irin tó di táyà mú já kúrò, ó yí gun ibi tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, ó lu obìnrin kan lẹ́sẹ̀. Gáréèjì ló jẹ̀bi. Ọlọ́kọ̀ bọ́, nítorí pé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó mọṣẹ́ ló gbé e lé, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀ pé wọn kò ṣe é ire.

Ní ti aládùúgbò yín, kò gbé e lọ fún gáréèjì. Ó mọ̀ pé ọ́fíìsì ni ẹ ń lọ láàárọ̀. Ohun tó gba ọlọ́kọ̀ yẹn là kò sí lọ́wọ́ tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa dúró síwájú adájọ́. Awakọ̀ tó bá sì ń rò pé "bírẹ́kì ló kọ̀" tàbí "irin ló já" ti tó láti fi gba ara rẹ̀, ẹjọ́ Henderson àti Jenkins tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti já irú rẹ̀ kulẹ̀: páìpù bírẹ́kì ló dógùn-ún níbi tójú kò tó, wọ́n sì ní olówó ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó yẹ. Ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó tí ẹ gbà lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí ẹ jó lánàá.

Ó kan ti ọ̀daràn báyìí. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, abala 303 ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn dókítà ló fi bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá dáwọ́ lé iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà ló wá na ọwọ́ sí gbogbo ayé: tàbí ẹni tó bá dáwọ́ lé ohunkóhun mìíràn tó bófin mu, tó sì lè wu ẹ̀mí tàbí ìlera èèyàn léwu. Àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀ràn pàjáwìrì, ẹni náà gbọ́dọ̀ ní òye iṣẹ́ tó tó, kó sì ṣọ́ra tó bó ṣe yẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òfin á kà á sí pé òun ló fa ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ rí i pé bẹ́ǹṣì kan náà ni òfin gbé jórinjórin àti dókítà jókòó sí. Ẹ tún rí i pé kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Òye ló béèrè. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó ṣe frídọ́ọ̀mù, tó tún lọ ṣe trade test ìjọba, ní ẹlẹ́rìí tó lè pè wá sí kóòtù. Ẹ̀yin ní fídíò.

Ìyà ibẹ̀ ń bẹ ní oríṣiríṣi. Ìwà àìbìkítà tó fi ẹ̀mí èèyàn wewu, abala 343, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni òkè rẹ̀. Bí èèyàn bá kú, tí wọ́n sì pè é ní ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, ó lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Ibi tí ààlà wà láàárín àìbìkítà tí owó lè yanjú àti èyí tó di ọ̀daràn, ẹjọ́ tiwa-n-tiwa ló fi lélẹ̀: ti Dókítà Akerele, 1943. Ó gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́, wọ́n ní oògùn tó pò ti le jù, àwọn kan nínú wọn kú. Kóòtù níbí dá a lẹ́bi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní àìbìkítà tó lè sọ èèyàn di ọ̀daràn gbọ́dọ̀ kọjá èyí tí owó lè yanjú láàárín ẹni méjì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fi hàn pé ẹni náà kò ka ẹ̀mí èèyàn sí.

Nítorí náà, àṣìṣe lásán lè mú yín sanwó kó má mú yín lọ sẹ́wọ̀n. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí agbẹjọ́rò ìjọba ṣe máa kà á: ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun kò kọ́ṣẹ́, ó mọ̀ pé èrò ni wọ́n fi ọkọ̀ náà ń kó, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni òun ń jó, kì í ṣe bọ́ńńẹ́ẹ̀tì, kò ní kí ẹnikẹ́ni wò ó, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Mi ò fẹ́ jẹ́ lọ́yà yín lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ lọ́yà ni mí.

Ẹ má sọ pé géètì tí ẹ ṣe kò tíì já. Irin géètì kì í gbéra. Ẹsẹ̀ mọ́tò ń fò sókè sódò ní gbogbo kòtò tó wà láti Ìwó Road dé Challenge. Òmíràn nínú àwọn irin ẹsẹ̀ yìí, iná ni wọ́n fi sè é le nílé iṣẹ́ tó ti wá. Bí ẹ bá tún fi iná kàn án, ẹ ti yí i padà. Ibi tí ẹ jó lè dúró gbọn-in, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ògbólógbòó wẹ́dà tí mo mọ̀ fi máa ń sọ fún oníbàárà pé "lọ ra òmíràn." Kì í ṣe pé wọn kò lè jó o.

Ohun méjì tún wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mi ò ní gbójú fò, nítorí ẹni tó bá ti ń jó ẹsẹ̀ mọ́tò kì í pẹ́ kan àwọn náà. Àkọ́kọ́ ni táńkì epo: èyí tó ṣófo ló léwu jù, torí oru epo tó kù nínú rẹ̀ ti pò mọ́ afẹ́fẹ́, ìṣáná ló ń dúró dè. Èkejì ni sílíńdà gáàsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tó ń lo CNG (gáàsì tí wọ́n fún pọ̀, tí ọkọ̀ ń lò dípò epo) bú gbàmù níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ní ìlú Benin, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG ìjọba àpapọ̀ ní sílíńdà tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti jó o. Agbára tí gáàsì yẹn fi ń ti ara sílíńdà tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti inú táyà mọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé sílíńdà wá fún yín láti jó, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn géètì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí bọ́ọ̀sì yín. Bẹ́ǹṣì tí ẹ ṣe yẹn, kí ló dì í mú nílẹ̀? Ìjókòó tó bá ọkọ̀ wá, wọ́n ti ṣírò bó ṣe máa dúró bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Bẹ́líìtì sì wà lára rẹ̀. Tiyín á gbéra, yóò kó àwọn tó jókòó sórí rẹ̀ lọ bá ẹni iwájú. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹbí yín nìkan ló ń kó, ọmọ ẹni pàápàá lè tipasẹ̀ ẹlòmíràn pe ẹni lẹ́jọ́, ìyẹn sì ni ìṣòro tó kéré jù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò kò ní gùn rárá. Third party (èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá ṣe lọ́ṣẹ́) ti ọkọ̀ àdáni, ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦3 mílíọ̀nù ni òkè ohun tó ń san lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bàjẹ́. Bí bẹ́ǹṣì yín bá wà nínú ọkọ̀ tí ẹ kò sì sọ fún wọn, ẹ ti fún wọn ní ìdí láti bá yín jà, pàápàá tó bá jẹ́ comprehensive, èyí tó bo ọkọ̀ yín náà, lẹ ṣe. Ní ti Micra, ìwé adójútòfò yín kò kàn án rárá: mọ́tò yín ni wọ́n dójútòfò rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ ṣe sára mọ́tò ẹlòmíràn. Inú àpò yín ni owó yẹn ti máa jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe: ní alẹ́ òní, kí takisí náà tó tún jáde láàárọ̀, ẹ lọ bá aládùúgbò yín. Ẹ sọ fún un láìfi bò pé ẹ kò yẹ lẹ́ni tó jó ibẹ̀ àti pé kó má gbé èrò títí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ mọ́tò yóò fi pààrọ̀ irin náà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí déètì wà níbẹ̀. Bó bá ń rojọ́ owó, ẹ san ìdajì. Ẹ gba irin àtijọ́ náà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí ẹ gé e sí méjì, kí ẹ̀yin fúnra yín wo bí iná yín ṣe wọnú tó. Ó lè kọ́ yín ju gbogbo fídíò yẹn lọ. Bẹ́ǹṣì inú bọ́ọ̀sì, ẹ yọ ọ́, kí ẹ dá ìjókòó rẹ̀ padà. Abẹ́ mọ́tò tí ẹ jó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ gbé e sókè wò ó.

Tó bá wá jẹ́ pé kí ẹ tó ka èyí, nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ẹ má sá, ẹ má sì lọ gbé ẹ̀rọ yín lọ tún ibẹ̀ jó. Bí wọ́n bá mú yín, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa (Constitution), abala 35, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò. Ẹ lo ẹ̀tọ́ náà. Owó tí agbẹjọ́rò máa gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi náà wà níbẹ̀, ó ju owó irin ẹsẹ̀ Micra lọ.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.